Ta Ló San Owó Bẹ́ẹ̀dì Náà?

Mo sun lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀fẹ́ kan ní Ìkẹjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹ má tíì fura sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló gba yàrá náà. Houston ló ti wá, ó wá sin ìyá wọn, ìyẹn ìyá mi àgbà. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ bá a gbé àpótí, kí n sì sun síbẹ̀ mọ́jú, kí a lè jọ gba ọ̀nà Ìbàdàn ní ìdájí. Bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀ ju gbogbo yàrá tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ. (Ó dáa, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.) Iná ò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo bi í pé, "Bùọ̀dá, èló ni wọ́n ń gbà fún òru kan níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi. Òru márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn tó létí ọmọ yunifásítì. Ọ̀fẹ́ la fi ń jẹ ìrẹsì níbi ìgbéyàwó ẹni tí a ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó, ó kéré tán, a rí bàbá ìyàwó níbi tó jókòó sí, a mọ̀ pé òun ló ra ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀dì ti Ìkẹjà yìí, mi ò rí bàbá ìyàwó kankan. Ilé ìtura náà ń sanwó iná, ó ń sanwó díísù, ó ń sanwó fún ọmọbìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta wá ni ó san án? Ìbéèrè tí mo gbé lọ síbi ìsìnkú nìyẹn, mo sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe ń lọ, torí púpọ̀ nínú wa, káàdì ATM nìkan la mọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí owó ò bá sí nínú àkáǹtì, ẹ̀rọ á tu káàdì náà jáde, á sì dójú tini. Káàdì tí mò ń sọ yàtọ̀. Owó báńkì lo ń ná. Ní òpin oṣù, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́: iye tí o ná rèé, ọjọ́ tó yẹ kí o san án rèé. Bí o bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí èlé. Bí o bá ṣẹ́kù sílẹ̀, èlé á gun orí rẹ̀. Láti 2023 ni ìwọ̀n èlé káàdì ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Federal Reserve tiwọn, ti ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún.

Àwọn ilé ìtura wọnú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ òfuurufú. American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní 1981. Ní 1983, Holiday Inn àti Marriott bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Hilton tẹ̀lé wọn ní 1987. Sun sọ́dọ̀ wa dáadáa, a ó fún ọ ní póìǹtì, póìǹtì á sì di òru ọ̀fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bá báńkì dòwò pọ̀, wọ́n lẹ orúkọ ilé ìtura mọ́ káàdì. Láti ìgbà náà, kò di dandan kí o sùn síbì kankan kí o tó gba póìǹtì. Ra ẹran, ra epo mọ́tò, póìǹtì ń wọlé.

Bùọ̀dá mi yọ káàdì mẹ́rin jáde, ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fẹ́ ta Whot. Ó ní ẹni tó bá gba ẹyọ kan ṣoṣo, kò tíì mọ nǹkan kan. Ti Hyatt, 95 dọ́là lọ́dún, á fún ọ ní òru ọ̀fẹ́ kan lọ́dọọdún ní ilé ìtura tó wà ní ìpele 1 dé 4; bí o bá ná 15,000 dọ́là lórí rẹ̀ láàárín ọdún, á fi ìkejì lé e. Ti IHG tí wọ́n ń pè ní Premier, 99 dọ́là, òun náà ní òru ọ̀fẹ́ ọdọọdún tirẹ̀, bí o bá sì fi póìǹtì san òru mẹ́ta, ìkẹrin á bọ́ sí ọ̀fẹ́. Hilton ní ọ̀kan tí wọn ò gba owó ọdún lórí rẹ̀ rárá, àmọ́ ó ń sọ ọ́ di ẹni Silver, ẹni Silver tó bá sì fi póìǹtì san òru mẹ́rin, ìkarùn-ún di tirẹ̀. Marriott náà ń fi ìkarùn-ún tọrẹ fún ọmọ ẹgbẹ́. Ó tún ní káàdì kan tí kì í ṣe ti ilé ìtura kankan, ti Chase, tí póìǹtì rẹ̀ ṣeé gbé lọ sí Hyatt tàbí IHG tàbí Marriott nígbà tó bá wù ú. Èyí ló ń kó póìǹtì jọ, àwọn tó kù ló ń jẹ́ kí póìǹtì náà tó nǹkan ra. Ó tún ní o ò gbọdọ̀ kánjú gbà wọ́n, torí ẹni tó bá ti ṣí káàdì márùn-ún láàárín oṣù 24, Chase sábà máa ń dá ìwé rẹ̀ padà. Ti wọn ni kí o kọ́kọ́ gbà, kí o tó lọ bá àwọn tó kù.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó wù mí. Bí ó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń kọ́ mi ní ayò ọlọ́pọ́n. Ó tilẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń san 95 dọ́là nítorí òru tí wọn ò bá má sùn tẹ́lẹ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe èrè, owó ni wọ́n fi ra ìrìn àjò tí kò wù wọ́n. Ó ní kò dára kí èèyàn kó póìǹtì jọ bí ẹni ń kó wúrà pamọ́, torí póìǹtì ń jẹrà bí ẹ̀fọ́. Hilton yọ àtẹ iye póìǹtì kúrò ní 2017, Marriott ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, iye tí òru kan ń gbà wá di ohun tó ń lọ sókè sódò bí owó tòmátì. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni Bùọ̀dá mi, mi ò sọ pé kò gbọ́n.

Ìgbà tó kan ibi tí póìǹtì òru márùn-ún yẹn ti wá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní, "Apá kan nínú rẹ̀, orí Àǹtí ni mo ti rí i. Mo fi línkì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n gba káàdì, báńkì sì fún mi ní póìǹtì pé mo mú èèyàn wá."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àǹtí tí ó ń sọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Houston. Wọ́n ti lé ní 60 ọdún. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó: wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń pa wọ́n láṣọ dà, wọ́n ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má baà jẹrà. Àwọn ni àkọ́bí ìyá àgbà. Àwọn ló yẹ kó ṣíwájú níbi ìsìnkú yẹn, àwọn nìkan ni ò sì wá. Gbogbo ẹbí ló mọ ìdí rẹ̀: gbèsè káàdì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní 2021, wọ́n tẹ línkì tí àbúrò wọn fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tó lè gba póìǹtì ìkíni káàbọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ná 3,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn bàjẹ́ nígbà náà, wọ́n sì fi káàdì tún un ṣe. Wọ́n ra táyà. Wọ́n ra fíríìjì torí èyí tó wà nílé ti ń sunkún. Póìǹtì wọlé, àbúrò wọn kí wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n wọn ò rí gbogbo owó náà san padà nígbà tí oṣù pé, oṣù kejì sì bá wọn lójú kan náà. Kò pẹ́ tó fi di 4,000 dọ́là, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ jọ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: ìyẹn jẹ́ 80 dọ́là èlé lóṣù. Bí wọ́n bá san 120, 40 péré ló kúrò lára gbèsè. Bí mọ́tò bá tún béèrè nǹkan, 40 náà á padà síbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìṣirò yìí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìwọ̀fà. Àwọn tó kọ́ ìtàn nínú wa mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yáwó á fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó, onítọ̀hún á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín gbèsè kù ní ẹyọ kan. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Bó fi ọdún mẹ́wàá roko, iye tí wọ́n yá ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ó ń wò wọ́n. Màmá Houston ń fi òru ṣiṣẹ́ san èlé, Bùọ̀dá mi ń fi òru sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò dá gbólóhùn yẹn sílẹ̀ láti fi ṣe ewì o. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún un, tìtìjú-tìtìjú, torí ẹ̀gbọ́n ni sí mi. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe pé Màmá ló san owó bẹ́ẹ̀dì yìí?"

Kò bínú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá gbèjà ara rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí n má fi ẹnu mi sọ ọ́ di òmùgọ̀. Ó ní òun ò jalè. Ó ní gbogbo oṣù lòun ń san gbèsè òun tán, báńkì ò rí kọ́bọ̀ èlé gbà lọ́wọ́ òun rí. Kì í ṣe òun ló fi èlé sórí owó Àǹtí, òun kọ́ ló bá ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀: "Bí mo bá kó gbogbo póìǹtì mi dànù lóru òní, tí mo lọ sùn sórí ìjókòó nínú ọkọ̀, ṣé dọ́là kan á kúrò nínú gbèsè ẹ̀gbọ́n mi?"

Kò ní kúrò. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo padà sí ilé-ìwé, mo lọ kàwé lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe ka ìdánwò lọ. (Kí olùkọ́ mi má rí ojú ewé yìí.) Ohun tí mo rí ni pé Màmá Houston ò nìkan wà. Bí èèyàn bá fi káàdì ra ọjà 100 dọ́là, ọlọ́jà kì í rí gbogbo 100 náà gbà. Nǹkan bíi dọ́là méjì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníkáàdì àti báńkì, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ káàdì tó ń fúnni ní póìǹtì. Ọlọ́jà ò ní gba àdánù yẹn mọ́ra, á fi í lé orí ọjà. Iye kan náà ló kọ sára búrẹ́dì fún oníkáàdì àti fún ẹni tó fi owó bébà ra tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi owó bébà ra búrẹ́dì ti dá díẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì kó tó délé. Ní 2010, Scott Schuh, Oz Shy àti Joanna Stavins ní Federal Reserve ti Boston ṣírò rẹ̀: lójú ìṣirò wọn, ìdílé tó ń fi owó bébà rajà ń pàdánù 149 dọ́là lọ́dún sọ́wọ́ àwọn oníkáàdì, ìdílé oníkáàdì sì ń jèrè 1,133 dọ́là. Ní 2023, Sumit Agarwal, Andrea Presbitero, André Silva àti Carlo Wix wo ìhà kejì, ìyẹn àwọn oníkáàdì láàárín ara wọn. Wọ́n ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 dọ́là ló ń ṣàn lọ́dọọdún láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ò mọ eré náà ta sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, láti àdúgbò tálákà sí ti olówó, láti ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kékeré pọ̀ sí lọ sí ibi tí wọn ò pọ̀ sí.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bí omi ṣe ń ṣàn fúnra rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn ló gbẹ́ ojú àgbàrá. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé iye tí báńkì máa gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí irú káàdì yìí ò gbọdọ̀ ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn nígbà náà, kò sì pa òfin náà tì nílé rẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham bóyá káàdì wọn ń rọ̀jò òru ọ̀fẹ́ bíi ti àwọn ará Houston. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bùọ̀dá mi kan náà, pẹ̀lú ọgbọ́n kan náà, bó bá jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló lọ, orí àga ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ì bá sùn sí.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ibẹ̀ ni kí n parí rẹ̀ sí: òfin ló burú, Bùọ̀dá ò ṣẹ̀. Alájọ ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Wọ́n ní alájọ náà ń gba owó ọjọ́ kan lóṣù, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lólè. Mo gbà, àmọ́ ẹ wo bí alájọ ṣe ń ṣe é. Owó ọjọ́ kan ló ń gbà lọ́wọ́ aláta, owó ọjọ́ kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ. Kì í gba ti ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ aláta kó lè fi ra bẹ́ẹ̀dì fún aláṣọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà ò ní tú kí wọ́n tó dá sẹ̀ríà fún un.

Lójú tèmi, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá mi pín sí, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara. Póìǹtì tó rí lórí ẹran àti epo mọ́tò, mi ò lè dá a lẹ́bi rẹ̀. Àwọn tó san án pọ̀ lọ bí yanrìn, kò mọ ọ̀kan nínú wọn, bó bá sì kọ̀ ọ́, wọn ò ní rí nǹkan kan gbà padà. Kó dìbò, kó kọ lẹ́tà sí aṣòfin rẹ̀, ibẹ̀ ni ojúṣe rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n póìǹtì ti línkì yẹn ní ojú, ó ní imú. Ó mọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí. Ó mọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Ohun tó sọ fún wọn ni pé, "Àǹtí, ẹ gbà á, ọ̀fẹ́ ni." Ó kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń wọlé, kò kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń jáde. Ó dà bí ẹni tó ta ìwé ìbéèrè àtijọ́ fún ọ ní òru ìdánwò, tó mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ olùkọ́, tí kò sọ.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á lè máa san án tán lóṣooṣù. Ìdáhùn rẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí mo mọ̀ pé èmi náà ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹnu mi ò gbà á láti bi wọ́n pé ṣé ẹ lówó lọ́wọ́."

Ẹ wò ó. Ọmọlúàbí ni wọ́n kọ́ ọ. Ọmọdé kì í bi àgbà léèrè àpò rẹ̀. Nílé wa, a ó máa fi ọ̀wọ̀ yíjú kúrò lára àlòkù aṣọ àgbà títí yóò fi ya tán. Àmọ́ ọ̀wọ̀ tó dí i lẹ́nu láti béèrè kò dí i lọ́wọ́ láti fi línkì ránṣẹ́. Mo rò pé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà gan-an nìyẹn, bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀: ó fi ọ̀wọ̀ bo ibi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó wá ṣí ojú sílẹ̀ níbi tí èrè wà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní mo le jù. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bùọ̀dá mi ló sanwó pósí, òun ló sanwó màlúù, òun náà ló ń san owó ilé-ìwé mi láti ọdún kejì. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ èyí, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lẹ́yìn ìsìnkú, bí a ṣe ń fọ ìkòkò. Wọ́n ń gbọ́, wọn ò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n wá ní, "Kò jalè. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì bi í pé ta lo mọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún wọn." Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún Màmá Houston. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní èèyàn tí kò rí ìyá rẹ̀ sin, ohun tó kù fún un ni àbúrò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tọ̀nà. Mo ti yí i sókè, mo ti yí i sódò. Ẹni tó ń san gbèsè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó náà gbà lọ, àmọ́ ṣé èmi tó sun lórí bẹ́ẹ̀dì náà ló yẹ kó la ẹnu? Mo rọ Bùọ̀dá kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́, kí n má kánjú.

Ní oṣù Kínní 2024, Màmá Houston pè mí lórí WhatsApp. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, mo rí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí n ròyìn ìsìnkú fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wo fídíò rẹ̀. Mo ròyìn ẹ̀. Mo sọ bí ojú ìyá àgbà ṣe rí, mo sọ ẹni tó jó àti ẹni tó sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á wá síbi ìrántí ọdún kan, bí àwọn bá ti san káàdì yẹn wálẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n wá ní, "Wọ́n ní ìwọ àti àbúrò mi jọ sun ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá l'Ékòó. Ṣé bẹ́ẹ̀dì yẹn tura?"

Mo ní, "Ó tura, ma."

Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìrìn àjò náà jìn."